Láti Owó Gbà-má-bínú sí Ẹ̀tọ́: Ìtàn Òfin Ìfarapa Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́ Gúúsù Èkìtì

Láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré títí dé Ìmẹ̀sí-Lásígidì, bí ẹ̀rọ sọ́mílì bá gé òṣìṣẹ́ níka, tàbí tí òkúta já lu ẹni tí ń fọ́ ọ, ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sábà máa ń retí ni pé kí ọ̀gá ṣàánú rẹ̀. Orúkọ tí a ń pe owó bẹ́ẹ̀ ni owó gbà-má-bínú. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ náà dúró lé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ní í bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Bí kò bá bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àgbéyẹ̀wò ìtàn òfin tí ó de ọ̀ràn yìí ní Nàìjíríà fi hàn pé òfin ti kúrò nídìí ẹ̀bẹ̀ tipẹ́, bí èdè wa kò tilẹ̀ tíì kúrò níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ẹbí ní í bọ́ àgbẹ̀ tí ó bá kán lẹ́sẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì fi ọ̀wẹ̀ bá a ro oko. Iṣẹ́ olówó oṣù ni ó yí ọ̀ràn padà. Lébìrà tí ń la títì tàbí tí ń ṣiṣẹ́ ojú irin fún ìjọba amúnisìn jìnnà sí ẹbí rẹ̀, ọ̀wẹ̀ kò sì lè dé ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, kí òfin ọdún 1897 tó dé, òṣìṣẹ́ tí ó farapa ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀bi ọ̀gá ni. Ìlànà òfin yẹn, tí kò béèrè ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni ìjọba amúnisìn mú wọ Nàìjíríà nínú òfin ọdún 1941. Àṣẹ ìjọba ológun ti ọdún 1987 ni ó rọ́pò rẹ̀. Àǹfààní wà nínú àwọn òfin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àléébù ńlá kan: àpò agbanisíṣẹ́, tàbí ti ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ó bá sanwó fún, ni owó ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí òṣìṣẹ́ ń bá ṣẹjọ́ náà ni ó ń fún un ní oúnjẹ. Ta ni yóò fẹ́ dojú kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún yọ àwọn kan sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ mọ̀lẹ́bí agbanisíṣẹ́ tí ń gbé inú ilé rẹ̀. Owó náà sì sábà máa ń jẹ́ àsanpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kì í pẹ́ tán.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Òfin yìí dá àpò kan sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NSITF, àjọ tí ó jogún ètò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1961. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Òfin náà kó òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni pọ̀, ó ka ọmọ iṣẹ́ àti alágbàṣe mọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun ni ó yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá di aláàbọ̀ ara pátápátá, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ni a ó máa san ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ fún láti ìgbà dé ìgbà.

Ibi tí òfin náà ti bá ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú wí jù lọ ni èyí: òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yóò yááfì ẹ̀tọ́ náà. Bí ọ̀gá bá fún un ní owó díẹ̀, tí ó sì ní kí ó fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti tán, ìwé náà kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ lára. Láàárín ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́, tàbí àwọn tí ń gbára lé e bí ó bá kú, gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́: orúkọ ẹni tí ó farapa, ìgbà àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, irú ìfarapa náà àti ohun tí ó fà á. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Ọdún kan ni a ní láti kọ̀wé béèrè owó náà. Ẹni tí ìpinnu àjọ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Olùkọ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Kódà ìfarapa ojú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ń gun ọ̀kadà lọ kọ́ni ní Ìsẹ̀, kò sí níta. Ohun tí ó ṣòro ju èyí lọ ni ti sọ́mílì tí ọ̀gá rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀ rárá, nítorí òfin dárúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ìwé wà. Òfin fàyè gba ìfitónilétí tí kò pé bí ó bá hàn pé agbanisíṣẹ́ mọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì lè jẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bí a bá kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an.