Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò àti Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta

Ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀, bí ènìyàn bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé Arò ló yẹ ẹ́, èébú ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé Arò yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ òkèèrè ti kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, àti pé ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni ó sọ ọ́ di ibi àwòkọ́ṣe. Nípa ọkùnrin náà àti iṣẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923 ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò. Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ni ó lọ, lẹ́yìn náà ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham. Ó ṣe iṣẹ́ dókítà díẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba irú ẹ̀kọ́ yìí.

Nígbà náà, àtìmọ́lé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún alárùn ọpọlọ. Làǹtòrò, tí ó wà ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní 1944 láti gba àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú, tí wọ́n kó bọ̀ láti ojú ogun. Nígbà tí Lámbò dé ní 1954 láti di ọ̀gá ní Arò, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn tuntun náà parí. Kò jókòó dúró de àwọn kọ́lékọ́lé. Ó tọ àwọn baálé abúlé tí ó yí Arò ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Ètò náà kò lọ́jú pọ̀. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹlòmíràn, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò gba yàrá lọ́wọ́ onílé ní abúlé. Ní òwúrọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, yálà oògùn tàbí ti iná mànàmáná. Bí ó bá di ọ̀sán, á padà sáàárín àwọn ènìyàn. Ó lè bá wọn ròkò, ó lè bá wọn ṣọdún. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń lọ bẹ̀ wọ́n wò ní abúlé. Owó ilé ń wọlé fún àwọn ará abúlé, wọ́n rí owó yá láti fi kún ilé wọn, a sì ṣètò omi àti bí a ó ṣe dènà ẹ̀fọn fún wọn. Àwa Yorùbá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Àwọn ará abúlé wọ̀nyí gba ọmọ ọlọ́mọ sílé nígbà tí àwọn mìíràn ń wò ó níran lójú títì.

Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n máa bá òun darí ìgbòkègbodò àwọn aláìsàn ní abúlé. Èyí kò dùn mọ́ gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ewé asofẹ́yẹjẹ tí àwọn àgbà fi ń ṣètọ́jú wèrè láti ìgbà láéláé ní èròjà tí àwọn dókítà òyìnbó pàápàá lò fún àrùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sè é mu o: ó lè já ìfúnpá ènìyàn wálẹ̀ débi ewu.)

Àìsàn tí ó gbà á lọ́kàn jù ni sikisofréníà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹni tí ó ní in lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí ó gbà dájú pé àwọn kan ń lépa òun, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì so kọ́ra mọ́. Ní 1953, Dókítà J. C. Carothers kọ̀wé pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà ń ṣiṣẹ́ bí ti ọmọ Yúróòpù tí wọ́n ti gé apá kan ọpọlọ rẹ̀. Lámbò ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1955 lórí àwọn aláìsàn Yorùbá, ó fi hàn pé ẹni tí kò kàwé sábà máa ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ àti àwọn òkú ọ̀run, nígbà tí ìṣesí ẹni tí ó kàwé sún mọ́ ti aláìsàn ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí ó ń sọ ni pé ibi tí a ti tọ́ ènìyàn dàgbà ni ó ń yí àwọ̀ àìsàn náà padà. Ní 1961, òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wádìí ìlera ọpọlọ láàárín àwọn ará abúlé àti ará ìlú Abẹ́òkúta. Ọdún kan náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ wọn, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ó kúrò ní Arò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963 gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí sikisofréníà ní orílẹ̀-èdè 9, Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Washington àti àwọn ìlú mìíràn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n tún wá wọn rí lẹ́yìn ọdún 2, Ìbàdàn wà lára ibi tí ara aláìsàn ti yá jù, ó ta àwọn ìlú olówó yọ. Àwọn kan ní agbo ẹbí ni ó fà á. Àwọn mìíràn ní irú àìsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ó sì tètè ń lọ, ni ó pọ̀ níbẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Lámbò jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973, ipò tí ó wà títí di 1988. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004.

Nínú nǹkan bí ènìyàn 300 láyé, a máa rí ẹnì kan tí ó ní sikisofréníà, ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. A ṣì ń rí àwọn ẹbí tí ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tàbí tí ń gbé e kiri ilé àdúrà fún ọdún púpọ̀ kí dókítà tó rí i. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ ti ìgbà ìjọba amúnisìn, ó sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Ilé ìwòsàn Arò ṣì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Làǹtòrò sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Bí ẹ bá ń mú aláìsàn lọ, kí ẹni tí ó ń bá a gbélé tẹ̀ lé e, nítorí dókítà yóò béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń jẹun. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ti ń lò dání, títí kan àgbo.