Ta Ló Ni Òṣùmàrè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òbí kan pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ká fi ọ̀dà pa òṣùmàrè tó wà lókè ọkọ̀ Nóà rẹ́ lára ògiri ilé-ìjọsìn àwọn ọmọdé, torí pé àmì "àwọn yẹn" ni. A ní ká kọ́kọ́ wádìí ìtàn náà ná.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àsíá yẹn sókè ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà. Gilbert Baker àti nǹkan bí 30 èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn ló fọwọ́ pa á láró, tí wọ́n sì rán an. Àwọ̀ 8 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì nítumọ̀: pupa fún ìyè, àwọ̀ ọsàn fún ìwòsàn, àwọ̀ ewé fún ìṣẹ̀dá. Wọn ò rí aṣọ pínkì rà tó, wọ́n yọ ọ́; wọ́n tún yọ ọ̀kan sí i, ló bá ku 6.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá àsíá? Ibí lọ̀rọ̀ ti ká wa lára. Àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ pínkì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí ìjọba Hitler rán mọ́ aṣọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó sí àgọ́ torí pé wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ wọn kú síbẹ̀. Baker fẹ́ àmì tí ò wá látọwọ́ apànìyàn. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n yìnbọn pa Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú náà tí kò fi ara rẹ̀ pa mọ́. Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wá àsíá yẹn gan-an.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: ìwàásù wa lórí ìgbéyàwó ò yí padà. Àmọ́ kí ni òṣùmàrè inú Jẹ́nẹ́sísì 9? Ṣebí májẹ̀mú pé Ọlọ́run ò ní fi omi pa ayé run mọ́ ni? Gbogbo ẹ̀dá alààyè ló bá dá a, kì í ṣe Nóà nìkan.

A rántí ọmọkùnrin kan tó máa ń lùlù fún wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ìjọ lé e. Àwa gan-an la di máìkì mú lọ́jọ́ náà. A ò mọ ibi tó wà dòní.

A ò ní pa òṣùmàrè yẹn rẹ́. Ọmọ wa, tó o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́, dárí jì wá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Olúwa á wo gbogbo wa sàn. Àmín.