Ìtàn igbó: láti oko dé inú yàrá



Àwọn ọmọ kan máa ń sọ pé igbó ti wà láti ayé baba ńlá wa. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló gbilẹ̀ nílẹ̀ wa; ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn sójà tó ti Íńdíà àti Bọ́mà bọ̀ ló mú un wálé. Ní 1964, Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn Aro, l'Ábẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí ìṣòro tó ń dá sílẹ̀.

Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbìn ín lè kú sí i, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Wọ́n dẹ òfin náà ní 1975. Wọ́n dá NDLEA sílẹ̀ ní 1989.

Síbẹ̀, igbó kò tán. Ó kàn ń sá pamọ́ ni. Lónìí, àwọn kan ń gbìn ín sínú yàrá, lábẹ́ iná, pẹ̀lú fèrèsé dídí. Irú èyí sábà máa ń le ju ti oko lọ, òfin kò sì yọ yàrá sílẹ̀.

Ìbẹ̀rù òfin yìí ló ń mú kí àwọn òbí fi ọmọ tó ń ṣàìsàn pamọ́. Bí ọmọ bá ń dá sọ̀rọ̀, tí kò sùn, tó ń fura sí gbogbo ènìyàn, ẹ má tì í mọ́lé. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìtọ́jú niṣẹ́ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí mìíràn.