Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Kí Ló Mú Un Yọ́ Kẹ́lẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí: ọkọ̀.

Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ní etíkun Ìlàjẹ, bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wí. Nígbà tí ọkọ̀ orí ilẹ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì dé, Yorùbá yá orúkọ yìí fún un, wọ́n sì fi ìrìn rẹ̀ kún un: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ń yọ́ rìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ariwo àti ìgbọ̀nrìrì ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń yọ́ rìn?

Ní 1903, Henry Royce, oníṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Manchester, ra Decauville kan, ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé tí ẹlòmíràn ti lò. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yẹ ẹ̀yà ara rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún èyí tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, títí ó fi pinnu láti ṣe tirẹ̀. Àkọ́kọ́ jáde sójú títì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, 1904. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ló pàdé Charles Rolls, tó ń ta ọkọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Bí orúkọ Rolls-Royce ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Royce mọ̀ pé ariwo ni ohùn irin tí kò bá ẹnìkejì rẹ̀ mu. Nítorí náà ó ṣe kíránkì, ọ̀pá irin tí àwọn písítìn ń yí, kó nípọn kó má baà gbọ̀n, ó sì fi ẹ̀rọ fa ọ́ìlì lọ síbi tí irin ti ń yí lórí irin.

Ní 1907 wọ́n gbé ọkọ̀ wọn kan, Silver Ghost, èyíinì ni iwin aláwọ̀ fàdákà, lọ fún ìdánwò. Àwọn alákìíyèsí Royal Automobile Club jókòó tì í. Ó ń lọ ó ń bọ̀ láàrin London àti Glasgow. Ní máìlì 629, ìgbọ̀nrìrì pa ẹnu ẹ̀rọ tí epo ń gbà kọjá dé, ọkọ̀ sì dúró. Wọ́n ṣí i padà. Láti ìgbà náà ó rin máìlì 14,371 láìtún yọnu lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Owó tí wọ́n fi pààrọ̀ èyí tó ti jẹ díẹ̀ kò ju pọ́n-ùn méjì àti ṣílè díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí etíkun. Bí ẹnu epo bá padé lórí ilẹ̀, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á sì ṣí i. Lórí òkun, níbo ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí? Ìdí nìyí tí atukọ̀ gidi fi ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó tó kúrò ní èbúté. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: ohun tí Royce fi ọdún púpọ̀ wá ni èdè wa fi sọ ọkọ̀ lórúkọ. Ire o.