Kì í Ṣe Arán Nìkan

Bí àgbà bá ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ, a ó ní, "Baba ti ń ṣarán." Bí ó bá wá kọ oúnjẹ, tí ó ń sunkún ṣáá, a ó tún ní arán náà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn wò.

Ní 1953, dókítà òyìnbó kan, J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Ní 1961, Thomas Adéoyè Lambo, ọ̀gá ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, lọ bi àwọn ará ìletò àti ìgboro léèrè. Ìwé wọn jáde ní 1963. Kí ni wọ́n rí? Àwọn ènìyàn kò ní orúkọ kan pàtó fún àìsàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àmì rẹ̀ dáadáa: ẹkún, àìlèjẹun, àìlèsùn.

Ti ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò rántí àná, báwo ni yóò ṣe sọ pé inú òun ti ń bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kan? Ní 1988, George Alexopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Cornell kan náà, to àmì 19 jọ. Ẹni tí ń tọ́jú àgbà náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi, kí wọ́n tó wo aláìsàn fúnra rẹ̀. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń rù? Ṣé ohun ayọ̀ ṣì ń mú inú rẹ̀ dùn? Ṣé ó ń ta jí lóru?

Oògùn wá ńkọ́? Ní England, wọ́n dán sertraline àti mirtazapine wò lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 326. Èsì tí ó jáde ní 2011 ni pé oògùn méjèèjì kò ṣe ju hóró lásán lọ. Síbẹ̀, ìsoríkọ́ dín kù lára gbogbo wọn, àti àwọn tó lo hóró lásán pàápàá! Èyí kò ní kí ẹ da oògùn dókítà nù o. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìrora tó fara pamọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Láti 1954 ni Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí wọn wọ̀ sí ìletò tó yí Aro ká.

Nítorí náà, bí Màmá bá kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, tí kò rẹ́rìn-ín sí ọmọ-ọmọ mọ́, ẹ lọ sọ fún dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a gbé ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.