Súyà, àsun àti ẹran gbígbẹ: Ẹ wo ibi tí ọ̀rá ń kán sí kí ẹ tó rà

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí èèyàn gba Òkè-Fìà kọjá lọ sí Ọláìyá, imú ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n ti ń yan ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì ká tó yà. Ẹran orí iná ò nílò ìpolówó, èéfín rẹ̀ ló ń polówó rẹ̀. Àmọ́ èéfín kan náà yẹn ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, torí ó lè sọ fún wa bóyá wọ́n yan ẹran náà dáadáa àbí wọ́n kàn jó o. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ máa ń ra súyà, àsun, ẹja yíyan tàbí ẹran ìgbẹ́, ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti káàkiri, ẹ̀yin la kọ àlàyé yìí fún.

Ẹnu wa lè pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Súyà jẹ́ ẹran tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná gbígbóná ló sì ń yan án láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àsun, tí àwọn ará Oǹdó fi ń yangàn, ewúrẹ́ ni: wọ́n á fi iná jó irun rẹ̀ kúrò, wọ́n á sun ẹran náà tawọtawọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n tó wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i nínú páànù. Kílíṣì ní tiẹ̀, oòrùn ló kọ́kọ́ ń sá a, wọ́n á wá fi ẹ̀pà lílọ̀ àti èròjà pa á lára, wọ́n á tún sá a, iná kàn ń fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn ni. Ẹran gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ ló jẹ́ iṣẹ́ èéfín gan-an. Iná wọn kì í le, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí ọjọ́ méjì mẹ́ta kí omi inú wọn tó tán.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ irú èyí tó ń pẹ́ lórí iná yìí dáadáa. Igẹ̀ màlúù tí wọ́n ń yan ní Texas lè lo wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá nínú èéfín, lórí iná tí kò ju bí ooru omi gbígbóná lọ ní ìlọ́po kékeré kan. Kódà, àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńlá ti ilé iṣẹ́ Carnival ní ilé ìjẹun ẹran yíyan nínú wọn. Ẹ sì mọ̀ pé iná lórí omi kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣeré, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ gbiná. Wọ́n ní láti há iná mọ́ inú ohun èlò, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìwọ̀n ooru àti ọ̀rá tó ń yọ́. Ohun tí òfin ojú omi fi dandan lé fún wọn níbẹ̀, àwọn mẹ́súyà wa àtijọ́ ti ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́ láìsí òfin kankan.

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti gba súyà. Ní 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo, ó tẹ̀ síwájú lọ sí Ìlọrin lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì wọ òkè Ọya. Ó wà lára ohun tó mú kí àwọn oníṣòwò obì àti màlúù láti òkè Ọya pọ̀ sí i nílùú wa. Sábó ṣì wà ní Òṣogbo títí dòní. Ẹ wá rántí bí mẹ́súyà àtijọ́ ṣe ń to iṣẹ́ rẹ̀. Á kó yẹ̀pẹ̀ jọ, á dá iná sáàárín, á wá gún àwọn igi súyà mọ́lẹ̀ yíká, kí ẹran kọjú sí iná. Ẹ kíyè sí i: ẹran ò sí lórí iná, ẹ̀gbẹ́ iná ló wà. Ooru ló ń yan án. Tí ọ̀rá bá yọ́, inú yẹ̀pẹ̀ ló ń kán sí.

Lóde òní, àgbá tí wọ́n là sí méjì ló wọ́pọ̀. Wọ́n á kó èédú sínú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ wáyà lé e, ẹran á wà lórí iná gangan. Ó yá ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń gba ẹran púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ò lè bá wọn jà fún ìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú ni pé gbogbo ọ̀rá tó bá yọ́, inú ẹyin iná ló ń bọ́ sí. Iná á gbà á ṣàà, èéfín dúdú á sọ, èéfín náà á sì padà lọ lẹ̀ mọ́ ẹran tí ọ̀rá ti kán.

Kí ló wà nínú èéfín yẹn? Àwọn kẹ́míkà kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní PAH. Ìgbà tí ọ̀rá tàbí igi bá jó tí kò jó tán ni wọ́n máa ń jáde. Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ jù nínú wọn ni benzo(a)pyrene. Àjọ IARC, tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù kẹwàá 2015, àjọ kan náà kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́ wà ní ìpele kìíní, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ̀rí fi hàn dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n fi ẹran pupa lásán sí ìpele tó tẹ̀ lé e, ti ohun tó ṣeé ṣe kó máa fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣi ìkéde yẹn gbọ́. Àwọn kan ní wọ́n sọ pé ẹran yíyan àti sìgá ọgbọọgba ni wọ́n. Rárá o. Ìpele yẹn ń sọ bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó, kò sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń jẹ igi súyà méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò sí nípò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi ẹran tó jó dúdú jẹun lójoojúmọ́. Ohun tó sì wà lọ́wọ́ wa láti dín kù pọ̀: ẹ jẹ́ kí ọ̀rá má kán sínú iná, ẹ jẹ́ kí ẹran jìnnà sí ahọ́n iná, ẹ gé ibi tó bá ti di èédú sọnù.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní nǹkan bí 1970, àjọ FAO àti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí oúnjẹ orílẹ̀-èdè Ghana ṣe ààrò kan ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní Accra. Alámọ̀ ni, onígun mẹ́rin, wọ́n sì ń to pákó oníwáyà tí ẹja wà lórí rẹ̀ léra wọn lókè ibi tí iná wà. Ó dín igi tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń dá kù, ó sì dín èéfín tó ń wọ ojú wọn kù. Àmọ́ ọ̀rá ṣì ń bọ́ sínú iná. Láàárín 2008 sí 2009 ni FAO àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹja kan ní Thiaroye, ní Senegal, tún un ṣe. Wọ́n fi páànù kan sí abẹ́ ẹja láti gba ọ̀rá, èédú ló ń kọ́kọ́ gbẹ ẹja náà, wọ́n á wá darí èéfín díẹ̀ sí i lọ́tọ̀ kó lè ní adùn àti àwọ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, kì í ṣe ìlera nìkan: láti oṣù kẹsàn-án 2014, ìwọ̀n benzo(a)pyrene tí ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà láyè nínú ọ̀pọ̀ ẹja àti ẹran tí wọ́n fi èéfín yan kò ju máíkírógíráàmù 2 nínú kílò kan. Ẹja tí wọ́n sun sórí àgbá lásán kì í sábà yege.

Ohun tí wọ́n fi dáná ńkọ́? Igi líle gbígbẹ ló dára, irú àyìn tó máa ń di èédú tó pẹ́ lórí iná. Pákó tó ti gba ọ̀dà, ọ̀rá nylon tí wọ́n fi ń tan iná, àti táyà, wọn ò yẹ nítòsí oúnjẹ rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi táyà sun pọ̀nmọ́. Májèlé táyà kì í bá omi tí wọ́n fi fọ pọ̀nmọ́ lọ tán.

Ọ̀rọ̀ míì tí èéfín máa ń bò mọ́lẹ̀ ni bí ẹran ṣe wà kó tó dé orí iná. Èyí ló yẹ kó ká wa lára jù. Ní oṣù kẹfà 2023, lẹ́yìn tí àrùn anthrax pa èèyàn àti ẹran ní àríwá Ghana, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí àrùn náà lára ẹran ọ̀sìn ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Kòkòrò àrùn yìí ní èèpo líle tó ń gbé e la ooru kọjá, èéfín ààrò ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á pa á. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, yíyan ò sọ ọ́ di ẹran tó ṣeé jẹ.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí igbó àti oko kòkó ti pọ̀, ọdẹ tó bá pa òyà tàbí ẹtu sínú àbà kò ní fíríìjì níbẹ̀. Ààrò ni fíríìjì rẹ̀. Tó bá tètè la ẹran náà, tó da ìfun nù, tó sì gbé e sórí ààrò lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ gidi ló ṣe, ẹran yẹn á pẹ́, á sì dùn nínú ọbẹ̀ iyán. Èyí tó kú sínú pàkúté fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí i lọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀. Tí wọ́n bá ti yan án dúdú tán, ojú ò lè fi ìyàtọ̀ hàn mọ́. Ẹ ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bi í léèrè ìgbà tí wọ́n pa á àti bí wọ́n ṣe pa á. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ti dáhùn yẹn.

Ó tún ku àwọn tó ń fi Sniper lé kòkòrò kúrò lára ẹja gbígbẹ. Egbòogi oko ni, májèlé ni fún èèyàn, fífọ̀ ò sì mú gbogbo rẹ̀ kúrò. NAFDAC ti gbé ìgbésẹ̀ láti 2019 láti mú ìgò kékeré mílílítà 100 rẹ̀ kúrò lọ́jà, síbẹ̀ àwọn kan ò jáwọ́. Ẹja tó bá gbẹ dénú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní kòkòrò níbẹ̀rẹ̀, èyí tó gbẹ lóde tó tutù nínú ni kòkòrò máa ń gbádùn.

Báwo lèèyàn á ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìdúró? Ẹ fi ìka nu ara ẹja tàbí ẹran gbígbẹ. Tí ìka yín bá dúdú tó sì ń yọ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ẹ̀fìfo ọ̀rá ló wà lára rẹ̀. Èyí tó dára máa ń pupa rúsúrúsú bí oyin tàbí bí igi ìrókò. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tó nípọn jù, nítòsí ikùn tó bá jẹ́ ẹja, kò yẹ kó rọ̀ bí ẹran tútù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: tó bá ń rùn bíi rọ́bà, kẹrosíìnì tàbí egbòogi ẹ̀fọn, ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ láti inú ihò kéékèèké, iṣẹ́ kòkòrò ni.

Ti súyà, yájì ló ń dí imú. Ẹ ní kó fún yín ní ẹyọ kan tọ́ wò kó tó wọ́n yájì sí i, òórùn ẹran tó ti ń bàjẹ́ kò ní lè sá pamọ́. Ẹ tọ́ yájì náà wò lọ́tọ̀, torí kúlíkúlí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kúlíkúlí tó sì ti bu máa ń korò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, kó yáa sọ fún mẹ́súyà kó má ṣe wọ́n ọn rárá, kó sì rántí pé wọ́n lè ti fi pa ẹran náà lára kó tó dé orí iná. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ gba abọ́ tiyín lọ. Tádàwà ara ìwé ò yẹ kó kan oúnjẹ gbígbóná tó ń yọ epo, ilẹ̀ Íńdíà sì ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn rẹ̀ nípa èyí láti 2016.

Ẹni tó ń tà á náà lè tún nǹkan ṣe láìná owó púpọ̀. Kó kó èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan àgbá, kó to ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì fi páànù kékeré tí yẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀ sábẹ́ ẹran láti gba ọ̀rá. Kó dúró kí iná jó di ẹyin kó tó gbé ẹran lé e. Èyí tó ti yan kalẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tó ń dúró de oníbàárà aago mẹ́wàá, kó fi síbi tó gbóná, kì í ṣe sórí tábìlì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú afẹ́fẹ́ lásán, tí wọ́n bá sì fẹ́ kó máa gbóná, ooru rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 60 lórí ìwọ̀n Celsius.

Súyà tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín nílé, ẹ yọ àlùbọ́sà àti tòmátì kúrò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sí fíríìjì, torí omi ara wọn ló ń jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ tún un gbóná títí gbogbo inú rẹ̀ fi ń jóni lọ́wọ́. Èyí tó bá sùn sórí tábìlì mọ́jú nígbà tí iná NEPA ò sí, ẹ dà á nù.