Kámẹ́rà Nínú Igbó Kìjikìji

Ẹni tó bá rí fọ́tò ẹyẹ aláràbarà tí wọ́n yà nínú igbó kìjikìji lè rò pé ojora ẹyẹ náà ló ń yọ onífọ́tò lẹ́nu jù. Rárá, òkùnkùn ni. Ewé orí igi ti gba oòrùn tán kó tó kan ilẹ̀. Èyí tó ń jò dé ìsàlẹ̀ kì í sábà ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni àwọn onífọ́tò ń wá kiri.

Ní 1867, Albert Frisch, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ fọ́tò Georges Leuzinger ní Rio de Janeiro, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amazon. Orí gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò sí nígbà náà. Onífọ́tò á da oje collodion sójú gíláàsì, á rì í sínú omi tí wọ́n po iyọ̀ fàdákà sí, á sáré gbé e sínú kámẹ́rà, á yà á, á sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá, iṣẹ́ bàjẹ́. Abájọ tí igi àti ọ̀pẹ fi pọ̀ nínú ohun tó yà: wọn kì í sá. Ẹyẹ ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un pé kó dúró? Kódà, gíláàsì méjì ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò kan, èèyàn lọ́tọ̀, igbó lọ́tọ̀. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀tàn. Ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ ló dé.

Ìyẹ̀fun magnesium, tó ń tàn yòò bí wọ́n bá finá sí i, ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun òkùnkùn yìí. Onífọ́tò George Shiras fi ya ẹranko lóru ní Michigan, ìwé ìròyìn National Geographic sì gbé 74 nínú fọ́tò rẹ̀ jáde ní 1906. Frank Chapman gbé ọgbọ́n náà lọ sí Barro Colorado ní Panama, òkè kan tó di erékùṣù nígbà tí wọ́n sé odò Chagres láti fi ṣe ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà la Panama kọjá. Ó na okùn sójú ọ̀nà ẹranko. Èyí tó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, iná á bù yẹ̀rì, kámẹ́rà á ti yà á. Ó kọ nípa rẹ̀ ní 1927. Ọ̀mọ̀wé ẹyẹ ni Chapman, àmọ́ ẹranko bíi puma àti ocelot ló ń kó sí i lọ́wọ́.

Ẹyẹ ní láti dúró de iná mànàmáná tí Harold Edgerton ṣe ní yunifásítì MIT ní àwọn ọdún 1930, iná tó ń tàn tó sì ń kú kí ojú tó ṣẹ́. Crawford Greenewalt, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ DuPont, fi irú iná bẹ́ẹ̀ ya hummingbird, ẹyẹ bíńtín tó lè ju apá ju ìgbà 50 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1960, gbogbo ìyẹ́ apá ẹyẹ náà sì hàn kedere.

Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà gun igi. Ní àwọn erékùṣù Aru ní Indonesia, níbi tí onímọ̀ ìṣẹ̀dá Alfred Russel Wallace ti kó awọ ẹyẹ párádísè jọ ní 1857, onífọ́tò Tim Laman fi ewé bo kámẹ́rà lórí igi, ó fara pa mọ́ sí ọ̀ọ́kán, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà darí rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ló fi ya akọ ẹyẹ náà níbi tó ti ń jó. Òun àti onímọ̀ ẹyẹ Edwin Scholes fi bí ọdún mẹ́jọ ya gbogbo irú ẹyẹ párádísè 39 tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, ìwé wọn sì jáde ní 2012.